Bí A Ṣe Ń Fi Awọ Ṣe Ìhámọ́ra Nínú Ilé

Ẹni tó bá ní sùúrù, tábìlì kan tó dúró dáadáa, ọ̀bẹ mímú kan àti ìkòkò omi gbígbóná lè fi awọ ṣe ìhámọ́ra nínú ilé ara rẹ̀. Rírán kọ́ ló sábà máa ń da iṣẹ́ náà rú, ọ̀ṣọ́ tí a fi sí i lára náà kọ́. Ó máa ń jẹ́ pé irú awọ tí ènìyàn rà kò yẹ fún iṣẹ́ náà, tàbí pé ó ti gé awọ tán kí ó tó mọ bí yóò ṣe súnkì tó nígbà tí omi gbígbóná bá kàn án. Nítorí ìdí èyí, màá pẹ́ díẹ̀ lórí awọ, omi àti ooru, màá sì yára kọjá lórí ohun tí ẹnikẹ́ni tó ti di abẹ́rẹ́ mú rí ti mọ̀.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí a mọ ohun tí ìhámọ́ra yìí lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe. Ó dára fún eré orí ìtàgé, fún ayẹyẹ tí àwọn ènìyàn ti ń múra bí ọmọ ogun àtijọ́, àti fún eré ìjà tí a fi idà igi tàbí idà fóòmù ṣe. Kò lè dá ọ̀bẹ gidi dúró, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti ọta ìbọn, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ara rẹ̀ dán an wò.

Síbẹ̀, iṣẹ́ tó ti pẹ́ láyé ni. Ní Yanghai, ní agbègbè Turfan ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Ṣáínà, àwọn awalẹ̀pìtàn rí ìhámọ́ra awọ kan nínú sàréè ọkùnrin kan, èyí tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 786 sí ọdún 543 ṣáájú ìbí Kristi. Ìpẹ́ awọ kéékèèké 5,444 àti ìpẹ́ 140 tó tóbi jù wọ́n lọ ni wọ́n so pọ̀ láti fi ṣe é. Ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù, ìhámọ́ra kan wà tí wọ́n fi awọ ọ̀nì ṣe ní Íjíbítì ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹta lẹ́yìn ìbí Kristi. Àwọn ará Yúróòpù náà ní orúkọ Faransé kan fún awọ tí wọ́n fi omi àti ooru sọ di líle, ìyẹn cuir bouilli, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ awọ sísè. Orúkọ yẹn ti ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà, nítorí pé awọ tí a bá sè bí ẹni ń se ẹran yóò le lóòótọ́, ṣùgbọ́n yóò máa fọ́ bí àwo.

Irú awọ tó yẹ

Oríṣi awọ méjì ló wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á. Èkíní ni èyí tí wọ́n fi kẹ́míkà chromium ṣe, òun ni a sì ń rí jù lára báàgì, jákẹ́ẹ̀tì àti àga ìrọ̀gbọ̀kú. Ó rọ̀, omi kì í tètè wọ inú rẹ̀, kì í sì í di ìrísí tí a bá fi ọwọ́ mọ ọ́n sí mú. Èkejì ni èyí tí wọ́n fi tannin ṣe, ìyẹn oje kíkoro inú èèpo igi àti ewé. Èkejì yìí nìkan ni kí ẹ lò, nítorí pé bí ó bá rin, ó máa ń ṣeé mọ bí amọ̀, bí ó bá sì gbẹ, kì í tú ìrísí tí ẹ fún un ká mọ́. Bí ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ta awọ kò bá dá yín lójú, ẹ wo etí ibi tí wọ́n ti gé e. Awọ chromium sábà máa ń ní àwọ̀ eérú tàbí búlúù ní àárín, nígbà tí awọ èèpo igi máa ń jẹ́ búráùn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ tún kán omi díẹ̀ sí ojú rẹ̀. Awọ èèpo igi yóò mu omi náà, ojú ibẹ̀ yóò sì dúdú lójú ẹsẹ̀.

Bí awọ ti nípọn tó náà ṣe pàtàkì. Ohun tí mo máa kọ́kọ́ ṣàlàyé ni ohun tí ń bo apá láti ọrùn ọwọ́ títí dé ìsàlẹ̀ ìgúnpá, èyí tí màá máa pè ní ìbòpá láti ìsinsìnyí lọ. Fún ìbòpá, awọ màlúù tó nípọn tó mìlímítà 3.2 sí 4 ti tó. Fún ìgbàyà, ẹ lè lọ dé mìlímítà 5. Àwọn olùtajà kan máa ń ka ìnípọn ní áúnsì, áúnsì kan sì jẹ́ nǹkan bí mìlímítà 0.4, nítorí náà awọ áúnsì 8 sí 10 ni ẹ máa béèrè. Ẹ gba awọ ẹ̀yìn ẹran tàbí ti èjìká rẹ̀. Awọ ikùn kì í wọ́n tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń fà síhìn-ín fà sọ́hùn-ún, kì í sì í nípọn dọ́gba. Ẹ má fi ṣe ohunkóhun tó gbọ́dọ̀ dúró gbagidi.

Ẹ kọ́kọ́ dán ègé kan wò

Bí ẹ kò bá ní rántí ohun mìíràn nínú àlàyé yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí èyí. Láti ara awọ tí ẹ fẹ́ lò gan-an, ẹ gé ègé onígun mẹ́rin kan tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 ní ìbú àti sẹ̀ǹtímítà 10 ní òró. Ẹ ya ọfà sí ojú rẹ̀ tó ní irun-irun láti fi ibi tí egungun ẹ̀yìn ẹran náà gbà hàn, nítorí pé awọ kì í fi dandan súnkì bákan náà ní ìbú àti ní òró. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tútù, ẹ tì í bọ omi gbígbóná bí màá ṣe ṣàlàyé níwájú, ẹ fi í sílẹ̀ kí ó gbẹ, kí ẹ sì tún un wọ̀n.

Ká ní ègé náà ti di sẹ̀ǹtímítà 9. Ìyẹn ni pé ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ ti lọ, nítorí náà gbogbo ìwọ̀n tí ẹ bá mú ni ẹ máa fi 0.9 pín kí ẹ tó gé awọ. Ibi tó yẹ kí ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 27 nígbà tí iṣẹ́ bá parí, sẹ̀ǹtímítà 30 ni ẹ máa gé e. Awọ kan lè súnkì jù bẹ́ẹ̀ lọ, òmíràn lè má tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹ gba ìṣirò ẹlòmíràn lò. Ẹ tún gbìyànjú láti tẹ ègé gbígbẹ náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Bí ó bá le bí pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ṣì ń yọ̀ǹda díẹ̀, àkókò tí ẹ fi sínú omi dára. Bí ó bá dún pàá tó sì sán, ó pẹ́ jù nínú omi tàbí omi ti gbóná jù. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe ìbòpá, mo fo ìdánwò yìí dá nítorí ìkánjú, awọ tí mo fi odindi ọjọ́ kan gé sì di ohun tí ọmọdé nìkan lè wọ̀.

Ìwọ̀n àti bátànì

Ẹ wọ aṣọ tí ẹ máa wọ̀ sábẹ́ ìhámọ́ra kí ẹ tó wọn ara yín. Ẹni tó wọn apá lásán yóò rí i pé ìbòpá ń fún òun pinpin nígbà tí aṣọ tó nípọn bá wà lábẹ́ rẹ̀. Ìwọ̀n mẹ́ta péré ni ẹ nílò fún ìbòpá: àyíká ọrùn ọwọ́, àyíká apá níbi tó ti tóbi jù lọ nísàlẹ̀ ìgúnpá, àti gígùn tó wà láàárín méjèèjì. Ẹ wọn gígùn náà pẹ̀lú apá tí ẹ ká, kí ẹ sì dá a dúró ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 2 sí ibi tí apá ti ń ṣẹ́ po, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ etí awọ yóò máa gún yín ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá gbé ọwọ́ sókè.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Bí ọrùn ọwọ́ bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 18, tí ibi tí apá ti tóbi jù lọ jẹ́ 28, tí gígùn sì jẹ́ 22, ẹ yọ sẹ̀ǹtímítà 3 kúrò nínú àyíká méjèèjì, nítorí pé etí méjèèjì ìbòpá kò gbọ́dọ̀ pàdé. Àlàfo tó wà láàárín wọn ni okùn yóò máa fún tí yóò sì máa tú. Ó ku 15 àti 25. Ẹ fi 0.9 pín wọn bí ìdánwò yín bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ ó sì rí nǹkan bí 16.7, 27.8 àti 24.4 fún gígùn. Páálí ni kí ẹ kọ́kọ́ gé. Ẹ gé èyí tí kò tíì ní ìsúnkì nínú, ẹ ká a mọ́ apá yín, ẹ fi séló téèpù dè é, kí ẹ sì gbé ọwọ́ sókè, kí ẹ na ọwọ́, kí ẹ di nǹkan mú. Ìgbà tí ó bá bá yín mu tán ni ẹ tó gé páálí kejì tó tóbi jù ú lọ, èyí tí ẹ máa gbé lé awọ.

Ní ti gígé, ọ̀bẹ tó mú ṣàṣà ló léwu kéré jù, nítorí pé ọ̀bẹ kíkú ni a máa ń fi agbára tì tí ó fi ń yọ̀ kúrò lójú ìlà. Ẹ fi páálí tàbí pákó sábẹ́ awọ, ẹ fi rúlà irin tẹ ojú ìlà mọ́lẹ̀, kí ẹ sì fa ọ̀bẹ náà ní ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin dípò kí ẹ fẹ́ gé e já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọwọ́ tó di rúlà mú kò gbọ́dọ̀ wà ní iwájú ọ̀bẹ rárá. Ẹ gé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní róbótó. Igun ṣóńṣó kì í pẹ́ ká sókè. Ẹ má tíì lu ihò kankan, nítorí ihò tí a bá lu ṣáájú ooru máa ń wọ́, kì í sì í bá èyí tó kọjú sí i dọ́gba mọ́.

Omi àti ooru

Ẹ rẹ awọ tí ẹ gé sínú omi tútù títí tí kò fi ní yọ ìhó kéékèèké mọ́. Fún awọ mìlímítà 4, èyí lè gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ogún. Ẹ má ṣe jẹ́ kí irin kan án láti ìgbà yìí lọ títí yóò fi gbẹ, yálà ìṣó, ìkòkò onírin tó ti dípẹtà tàbí ohun èlò ìdìmú, nítorí pé irin àti tannin inú awọ máa ń pàdé di àbàwọ́n dúdú tí kì í lọ mọ́. Ìkòkò alumíníọ̀mù tàbí èyí tí kì í dípẹtà ni ó dára.

Ẹ gbé omi mìíràn kaná títí tí yóò fi dé 80°C, kí ẹ sì fi tẹmómítà mọ̀ ọ́n, ẹ má ṣe fi ojú díwọ̀n rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀mú igi tì awọ bọ inú rẹ̀ pátápátá. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ẹ ó rí i pé ó ń dúdú, pé etí rẹ̀ ń ká, pé ó ń kúrú, ó sì ń nípọn sí i. Àwọn fọ́nrán collagen tó di ara awọ mú ló ń fún pọ̀ bẹ́ẹ̀, ìfúnpọ̀ yẹn gan-an ló sì ń sọ ọ́ di líle nígbà tí ó bá gbẹ. Ìṣẹ́jú àáyá 30 sí 60 ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ dán wò lára ègé kékeré yín. Bí ó bá gba ìṣẹ́jú méjì, ó ti ń sún mọ́ ibi tí kò ṣeé tún ṣe mọ́. Ohun tí ẹ fi ègé kékeré mọ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé, kí ẹ má fi ìṣẹ́jú àáyá kan kún un pẹ̀lú èrò pé yóò le sí i.

Nígbà tí ẹ bá yọ ọ́, awọ náà yóò máa fà bí rọ́bà, ẹ ò sì ní ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í mú ìrísí. Nítorí náà, ohun tí ẹ máa ká a mọ́ gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ kí awọ tó wọ omi: ìgò ńlá tí ẹ bu iyanrìn sí, tàbí páìpù oníke tí ẹ fi aṣọ ká lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ó lè tóbi níbẹ̀ bí apá ti tóbi sí. Ẹ fi nylon bò ó. Ẹ má fi apá ara yín ṣe é nígbà tí awọ ṣì gbóná. Ẹ ká awọ náà mọ́ ọn, ẹ fi ọ̀já aṣọ fífẹ̀ wé e láti òkè dé ìsàlẹ̀. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ yóò fi àmì sílẹ̀ lára rẹ̀ títí láé, èyí tí àwọn kan máa ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe fún ẹwà. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gbé e sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, tí oòrùn kò sí, fún wákàtí 24 sí 48. Oòrùn tààrà máa ń fa ẹ̀gbẹ́ kan gbẹ ṣáájú èkejì, gbogbo rẹ̀ yóò sì wọ́.

Ihò, aró àti ìda

Nígbà tó bá ti gbẹ gan-an ni ẹ tó lu ihò. Awọ yìí ti le báyìí, nítorí náà ìlu tí àwọn aránbàtà ń lò lè má wọ̀ ọ́ dáadáa. Irin ìluhò àti òòlù yóò ṣe é, ẹ̀rọ ìluhò náà yóò sì ṣe é bí ẹ bá fi pákó sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 1 sílẹ̀ láti etí, kí ẹ sì fi sẹ̀ǹtímítà 3 sí àárín ihò kan àti èkejì. Ẹ fi ọ̀bẹ tàbí páálí iyanrìn gé ṣóńṣó etí awọ kúrò lókè àti nísàlẹ̀, ẹ fi omi díẹ̀ pa á, kí ẹ sì fi igi dídán ra á títí yóò fi máa kọ mọ̀nà. Ẹ bo imú yín bí ẹ bá ń lo páálí iyanrìn, nítorí eruku awọ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró.

Bí ẹ bá fẹ́ pa á láró, àkókò rẹ̀ nìyí, kí ìda tó kàn án. Aró awọ tí wọ́n ń tà rọrùn láti lò, ṣùgbọ́n àbàwọ́n irin tí mo ní kí ẹ sá fún lẹ́ẹ̀kan ni mo fẹ́ràn jù fún àwọ̀ dúdú. Ẹ da ìṣó irin tí kò ní òróró lára sínú ọtí kíkan fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ẹ má dé e pa, nítorí ó máa ń mú gáàsì jáde, ẹ má sì gbé e sí ìtòsí iná. Ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ sì fi aṣọ pa á mọ́ ara awọ. Yóò dúdú lójú yín, kò sì ní máa yí mọ́ aṣọ, nítorí pé inú awọ gan-an ni àwọ̀ náà ti wá. Ẹ fi omi ṣan án lẹ́yìn náà, ẹ sì jẹ́ kí ó gbẹ.

Ìda oyin ni ìparí. Ó máa ń yọ́ ní 62°C sí 64°C, nítorí náà ẹ gbé agolo ìda sínú omi gbígbóná, ẹ má gbé e lé iná tààrà láé. Bí ìda bá gbiná, ẹ fi ọmọrí dé e pa. Omi tí a bá dà sí i yóò fọ́n iná náà ká gbogbo ilé. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì pa ìda náà sí awọ tí ẹ ti yá díẹ̀, àmọ́ ẹ rí i dájú pé kò sí ọ̀rinrin nínú rẹ̀ mọ́, nítorí pé awọ tútù tí ooru bá tún bá yóò tún súnkì. Àwọn kan máa ń jẹ́ kí awọ mu ìda yó bámú. Èmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé ó máa ń wúwo, ó sì máa ń rọ̀ bí wọ́n bá gbàgbé rẹ̀ sínú ọkọ̀ lójú oòrùn. Fẹ́ẹ́rẹ́ lásán tí omi kò fi ní tètè wọ̀ ọ́ ti tó.

Ìgbàyà àti ìpẹ́

Ẹni tó bá ti ṣe ìbòpá méjì lè bọ́ sórí ìgbàyà. Ohun tó yàtọ̀ ni pé àyà kò rí róbótó bí apá, ènìyàn sì gbọ́dọ̀ lè jókòó, kí ó tẹ̀ba, kí ó sì ká ọwọ́ mọ́ àyà nínú rẹ̀. Ẹ wọ ẹ̀wù àtijọ́ kan, kí ẹnìkan fi téèpù oníke fífẹ̀ wé yín láti ọrùn dé ìbàdí, kí ó ya ìlà ìgbàyà sí i, kí ó sì fi sísọ́ọ̀sì olórí kíkú gé e bọ́ láti ẹ̀yìn. Ohun tí ẹ bá tẹ́ sílẹ̀ ni bátànì yín. Ìsàlẹ̀ ìgbàyà kò gbọ́dọ̀ kọjá ìbàdí, abẹ́ abíyá sì gbọ́dọ̀ gbẹ́ wọlé dáadáa.

Bí ẹ kò bá ní ìkòkò tó lè gba awọ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, ẹ ṣe é ní ìpẹ́ bíi ti àwọn ará Yanghai. Awọ mìlímítà 3 tó fún ìpẹ́. Ẹ gé gbogbo wọn pẹ̀lú bátànì kan ṣoṣo, sẹ̀ǹtímítà 4 ní ìbú àti sẹ̀ǹtímítà 8 ní òró, ẹ sọ wọ́n di líle ní mẹ́wàá mẹ́wàá, kí ẹ sì fi okùn awọ so wọ́n, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gun ẹ̀gbẹ́ ìkejì rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 1. Iṣẹ́ yìí máa ń gba ọ̀pọ̀ ọjọ́, ṣùgbọ́n ìpẹ́ kan tó bá bàjẹ́ kò sọ pé kí ẹ ju gbogbo rẹ̀ nù.

Ọ̀já tí ń gbé ìgbàyà kọ́ èjìká kò gbọ́dọ̀ jẹ́ awọ líle, nítorí ibi tó ti ń ṣẹ́ po ni yóò ti sán. Ẹ lo awọ rírọ̀ tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 2.5, kí ẹ sì lo bọ́kù idẹ. Bí ẹ bá ń rán an mọ́ ìgbàyà, ẹ lo òwú tí a fi ìda pa, tó gùn ní ìlọ́po mẹ́rin ojú ìrán, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ kan ní orí rẹ̀ méjèèjì. Abẹ́rẹ́ méjèèjì ni yóò gba inú ihò kan náà kọjá, ọ̀kan láti iwájú, èkejì láti ẹ̀yìn, kí òwú kan tó bá já má lè tú ìyókù.

Wíwọ̀ àti ìtọ́jú

Awọ líle kì í jẹ́ kí idà igi ha ara lọ́gbẹ́, ṣùgbọ́n ara ló máa ń gba ìwúwo idà igi tó bá bà á. Nítorí náà, ẹ má wọ̀ ọ́ lé ara lásán. Ẹ̀wù tí a fi aṣọ ìpele mẹ́rin tàbí márùn-ún rán pọ̀ ni kí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn eré, ẹ nu òógùn kúrò nínú rẹ̀, ẹ gbé e kọ́ sí ibi tí atẹ́gùn ti ń wọlé, ẹ má ká a, ẹ má sì fi sínú nylon, nítorí kì í pẹ́ tí yóò fi hu funfun. Ẹ má máa fi òróró pa á bí ẹni ń pa bàtà. Òróró ni yóò tú líle tí ẹ fi omi gbígbóná wá. Bí ó bá gbẹ jù, ìda fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ti tó, kí ẹ sì yẹ ihò okùn wò nígbà náà, torí ibẹ̀ ni awọ máa ń kọ́kọ́ ya.